Ọlidé Gígùn àti Òfin Òkun: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tó Wà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2011, epo rọ̀bì tú dà sínú òkun ní Bonga, ibùdó ìwapo Shell tó wà ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí etíkun Niger Delta. Iye tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí tó 40,000 àgbá. Àwọn ará etíkun tí wọ́n lé ní 27,000 gbé ẹjọ́ náà dé London. Wọ́n ní epo náà gúnlẹ̀ sí etí omi àwọn, ó sì ba ilẹ̀ àti iṣẹ́ ẹja pípa jẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá wọn láre lórí ọ̀rọ̀ àkókò. Àwọn adájọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni epo náà dà, wọ́n sì dí i láàárín wákàtí díẹ̀. Pé epo ṣì wà nílẹ̀ kò sọ ọ́ di ìpalára tó ń ṣẹlẹ̀ lákọ̀tun lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ tí epo ti kan ilẹ̀ ni òfin ti ń ka ọjọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́.

Bí ẹjọ́ òkun ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tí ìbàjẹ́ òkun bà lọ́kàn jẹ́ lè sunkún, kó pariwo, kí ayé sì gbọ́, síbẹ̀ ọjọ́ kan tí a kò kọ sílẹ̀, tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí a kò tètè fi kún ìwé ìpẹjọ́, lè gbé ẹjọ́ náà ṣubú. Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni irú iṣẹ́ àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ọlidé gígùn ni ìgbà tí a fi ń kọ́ ọ.

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ dáhùn ni pé: akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó fẹ́ gbèjà òkun, ẹja inú rẹ̀ àti àwọn tó ń jẹ nídìí rẹ̀, níbo ló ti lè lo ọlidé gígùn rẹ̀ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án? Ohun mẹ́ta ni mo fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò. Àkọ́kọ́, ṣé ojúlówó fáìlì ni wọn yóò gbé lé e lọ́wọ́ àbí tíì ni yóò máa gbé kiri? Èkejì, ta ni yóò ka ohun tó kọ, tí yóò sì tọ́ ọ sọ́nà? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò san owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé rẹ̀?

Amẹ́ríkà: ibi tí ètò náà ti gbilẹ̀ jù

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ka òfin ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ọlidé gígùn méjì ló sì wà láàárín rẹ̀. Ìgbà méjèèjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ohun tó mú kí ti òkun pọ̀ níbẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́rin péré: òfin ìdáàbòbò ẹran ọlọ́mú inú òkun àti òfin àwọn agbègbè òkun tí a yà sọ́tọ̀ ní 1972, òfin ẹ̀dá tó fẹ́ run tán ní 1973, àti òfin ìpẹja tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Stevens ní 1976. Ará ìlú lè pe ìjọba lẹ́jọ́ bí kò bá ṣe ojúṣe rẹ̀ lábẹ́ òfin wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ agbẹjọ́rò kì í fi tán nídìí wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti ìjọba ni àkọ́kọ́. NOAA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 láti bójú tó òkun àti ojú ọjọ́, ní àwọn agbẹjọ́rò ní Silver Spring ní ìpínlẹ̀ Maryland, ó sì tún ní ẹ̀ka ìpẹja káàkiri etíkun, láti Gloucester ní Massachusetts dé Juneau ní Alaska àti Honolulu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ síbẹ̀ yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òfin ẹja láti ìbẹ̀rẹ̀: bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣírò iye ẹja tó kù, bí ìgbìmọ̀ ṣe ń pín iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè pa, bí wọ́n ṣe ń gba èrò ará ìlú, àti bí agbẹjọ́rò ṣe ń dúró ti ìpinnu náà nílé-ẹjọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kọjá òkun. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìlànà Chevron tó ti wà láti 1984, èyí tó ní kí ilé-ẹjọ́ máa gba ìtumọ̀ tí àjọ ìjọba bá fún òfin tí kò là kedere. Ẹjọ́ Loper Bright tó fa èyí, ẹjọ́ àwọn tó ń pa ẹja hẹ́ríǹgì ni, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa ní ṣáwá. Wọ́n ní àwọn kò ní san owó ọ̀yà olùṣọ́ tí ìjọba fi sínú ọkọ̀ àwọn. Ẹja kékeré ló yí òfin ìṣàkóso odindi orílẹ̀-èdè padà.

Ti àwọn àjọ aládàáni ni èkejì. Conservation Law Foundation wà ní Boston láti 1966, NRDC bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Earthjustice ní 1971, Oceana ní 2001. Àwọn wọ̀nyí máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ òfin sí ẹ̀ka ẹjọ́ wọn. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ti irú àbùùbùtán kan ní òkun Àtìláńtíìkì tí kò tó 400 mọ́, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbá, tí okùn àwọn apẹja sì ń dè pa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ìdájọ́ àtijọ́ jáde, yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn, yóò yẹ ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe le tó ka ẹjọ́ Winter lòdì sí NRDC ti 2008. Níbẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ ti fi ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi borí ọ̀rọ̀ ariwo tó ń pa àbùùbùtán lára. Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ dá nǹkan dúró kí ẹjọ́ tó parí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ìpalára náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bóyá-bóyá kò tó mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Ètò Sea Grant tí ìjọba àpapọ̀ wọn dá sílẹ̀ ní 1966 ní ibùdó òfin ní Yunifásítì Mississippi, ó sì ní òmíràn ní Yunifásítì Roger Williams ní Rhode Island, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń dáhùn ìbéèrè gidi tí ìlú etíkun, apẹja àti àjọ ìjọba bá gbé wá. Environmental Law Institute ní Washington náà ní ètò òkun tirẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà kẹta yìí ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí olùkọ́ ni ọ̀gá ibẹ̀, kíkọ́ni sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ni ọ̀nà Amẹ́ríkà wà fún? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọmọ wa tó wà ní Akungba tàbí Ọ̀jọ́ kò lè dédé wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀ ni wọ́n ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba físà ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lo ọdún ẹ̀kọ́ kan kí ó tó lè gba àṣẹ ìkọ́ṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ onílùú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n bí sí Maryland, Texas àti New York, tí wọ́n ń ka òfin lónìí. Ọ̀nà yìí wà fún wọn, àwọn díẹ̀ ni mo sì ń rí tó ń tọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ báǹkì ni ọ̀pọ̀ ń wò. Kí wọ́n mọ̀ pé òfin Amẹ́ríkà lórí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Láti 1989, òfin wọn sọ pé tírọ́là tó bá ń pa ede òkun tí wọ́n fẹ́ tà fún wọn gbọ́dọ̀ ní ihò àsálà nínú àwọ̀n, kí ìjàpá òkun lè rí ọ̀nà jáde. Tírọ́là tó ń pa ede ní etíkun Nàìjíríà fún ọjà wọn wà lábẹ́ òfin yẹn.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba tuntun ní Washington dá gbígba òṣìṣẹ́ dúró, ní oṣù Kejì NOAA sì lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́. Ọ̀nà ìjọba wá di híhá. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru: kí ẹni tó fẹ́ kọ ìwé sí NOAA kọ sí ìpínlẹ̀ etíkun kan àti àjọ aládàáni kan pẹ̀lú.

Hamburg àti àwọn àjọ àgbáyé

Àdéhùn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin òkun ní gbogbo ayé ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Montego Bay ní Jamaica lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1982, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lù ú láti 1986. Ilé-ẹjọ́ tí àdéhùn náà dá sílẹ̀, ITLOS, wà ní Hamburg ní Jámánì láti 1996. Adájọ́ 21 ló ní, ọmọ Ghana, Thomas Mensah, ló sì kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀.

Ìlú wa ti jẹ́jọ́ níbẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà mú ọkọ̀ epo San Padre Pio tó ń ta àsíá Switzerland. Switzerland gbé ẹjọ́ lọ sí Hamburg, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2019 ilé-ẹjọ́ náà sì pàṣẹ pé kí a fi ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá fi owó ìdúró mílíọ̀nù 14 dọ́là sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjèèjì wá fẹnu kò, ẹjọ́ náà sì parí ní 2021. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó bá ka àwọn ìwé ẹjọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ ààlà agbára ìjọba rẹ̀ lórí òkun ju ẹni tó ka ìwé ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ.

Nínú ti ìdáàbòbò òkun gan-an, ìmọ̀ràn méjì láti ilé-ẹjọ́ yìí ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2015, ó dá orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Mauritania dé Sierra Leone, lóhùn pé orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ìpẹja ń ta àsíá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá láti rí i pé ọkọ̀ náà kò jí ẹja pa lómi ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó sọ fún àwọn erékùṣù kéékèèké pé èéfín tó ń mú ayé gbóná jẹ́ ohun tó ń ba òkun jẹ́ lábẹ́ àdéhùn 1982, gbogbo orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i sì gbọ́dọ̀ dín in kù.

ITLOS ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ìkọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀wọ́ mẹ́rin lọ́dún. Ti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló bọ́ sí ọlidé. Nǹkan bí ogún ènìyàn ni wọ́n ń gbà lọ́dún kan. Kò sí owó oṣù, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ wà tí ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà wá lè béèrè fún. Kò béèrè pé kí o jẹ́ ọmọ Jámánì, kò sì béèrè pé kí o ti wà ní Yúróòpù. Nínú gbogbo ọ̀nà òkè òkun tí mo yẹ̀ wò, òun ló tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ti rìn jìnnà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ jù lọ, tí kò sì ní ará kankan lókè òkun.

Ẹ̀ka òfin òkun ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York ń gba akẹ́kọ̀ọ́ bákan náà, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní Kingston ní Jamaica náà sì ń gbà. New York kì í sanwó, ilé gbígbà níbẹ̀ sì wọ́n gógó. Ẹni tí kò ní ẹbí tí yóò gbà á sílé, mi ò lè gbà á níyànjú. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n gba àdéhùn tuntun wọlé lórí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú agbami tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọgọ́ta orílẹ̀-èdè ti fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì di òfin ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ní Geneva, lábẹ́ ìdarí Ngozi Okonjo-Iweala, àjọ ìṣòwò àgbáyé WTO fẹnu kò ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé kí ìjọba má ṣe fi owó ìrànwọ́ ti ọkọ̀ tó ń jí ẹja pa lẹ́yìn mọ́. Èyí náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ àdéhùn méjèèjì di òfin ilé tirẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ kò ní tó láti parí iṣẹ́ yẹn.

Àwọn kíláàsì ọlidé

Rhodes Academy ní Gíríìsì ti ń kọ́ni ní òfin òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọlidé láti 1995. Hamburg ní tirẹ̀ tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ITLOS fúnra rẹ̀ láti 2007. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin àgbáyé ní The Hague ti ń ṣe ti ọlidé láti 1923, òfin òkun sì máa ń wà lára rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé tí a ń kà ló ń kọ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní fi fáìlì kankan lé ọ lọ́wọ́, owó ẹ̀kọ́ àti owó ọkọ̀ òfuurufú kò sì kéré. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti agbẹjọ́rò tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wúlò fún jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta ṣe sùúrù.

Ohun tó sàn fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì tó bẹ́ẹ̀ lówó, ni ìdíje ẹjọ́ àfiṣeré lórí òfin àyíká tí Yunifásítì Stetson ní Florida ń ṣètò, tó ní ìpele ti Áfíríkà. Ọlidé ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún un. Ìwé tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n lè fi kún ìwé ìbéèrè wọn sí ITLOS ní Hamburg lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

London

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ epo tó kan omi wa, London ló parí sí. Ní Bodo ní Ogoni, epo dà sínú omi ní 2008. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn, apá kan fún ìlú, apá kan fún àwọn ará ìlú tó lé ní 15,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Okpabi lòdì sí Shell, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ gbà pé a lè bá ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ìyá rojọ́ ní London lórí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣojú ìlú nílò ẹni tó gbọ́ èdè, tó mọ etí omi, tó sì lè bá bàbá arúgbó apẹja sọ̀rọ̀ láìkánjú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka oyè àkọ́kọ́ ní Britain lè tọrọ àyè ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ọlidé, tàbí kí ó kọ̀wé sí àjọ òfin àyíká bíi ClientEarth. Ti ẹni tó lọ ka oyè kejì yàtọ̀, torí ọlidé ni òun fi ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí àkókò yẹn lọ lásán. Kí ó yan àkòrí tó kan omi wa: gbèdéke àkókò lórí epo tó dà sínú òkun, tàbí ẹni tó yẹ kó san owó àtúnṣe. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí agbẹjọ́rò lè lò níwájú adájọ́ wúlò ju oṣù kan tí a fi jókòó sí ilé-iṣẹ́ olórúkọ ńlá.

Nílé: ọ̀nà tó sún mọ́ wa jù, tí a kò sì la

Etíkun Nàìjíríà gùn tó 853 kìlómítà. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi, wọ́n sì fi Adégbóyèga Oyètọ́lá, gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, ṣe mínísítà rẹ̀. NIMASA ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, NOSDRA ń bójú tó epo tó bá dà, NIOMR sì ti ń ṣèwádìí nípa òkun àti ẹja ní Victoria Island láti 1975. Ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi wà lábẹ́ àṣẹ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin ìpẹja òkun ti 1992 àti ìlànà tó so mọ́ ọn sọ pé tírọ́là kò gbọ́dọ̀ pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀, torí pé ti àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ni ibẹ̀. Bi ẹnikẹ́ni tó ń pẹja ní Ìlàjẹ tàbí Badagry léèrè bóyá wọ́n ń pa òfin yẹn mọ́, yóò sọ iye àwọ̀n rẹ̀ tí tírọ́là ti fà ya fún ọ.

Iṣẹ́ ọlidé nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan, pẹ̀lú olùkọ́ kan, lè lọ kọ ẹ̀rí àwọn apẹja sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọ̀ ọkọ̀, orúkọ ara rẹ̀ bí wọ́n bá rí i, àwòrán àwọ̀n tó ya. Wọn yóò kọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Boston, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́ ọ níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbé gan-an. Ayétòrò náà wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ní etíkun ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí òkun ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn irú ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi.

Ilé-ẹjọ́ ti la ọ̀nà kan fún wa. Ní oṣù Keje ọdún 2018, nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch lòdì sí NNPC, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà gbà pé àjọ tó ń gbèjà àyíká lè pẹjọ́ bí kò tiẹ̀ jẹ́ òun ni epo dà lé lórí. Ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá àjọ SERAP láre pé ìjọba àpapọ̀ kùnà láti dáàbò bo Niger Delta. SERAP wà ní Èkó. Environmental Rights Action àti HOMEF wà ní Benin City. Àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó ń ṣe ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá àti Ìkòyí náà wà. Ti ìdáàbòbò kọ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí gbèsè yóò mọ bí a ṣe ń tì í mọ́lẹ̀ nítorí ìdọ̀tí.

Àwọn ọmọ wa tó ń ka òfin ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ní ohun tí àwa kò ní: wọ́n gbọ́ Faransé. Àdéhùn Abidjan ti 1981 tó ń dáàbò bo etíkun láti Mauritania dé Gúúsù Áfíríkà, àti ìgbìmọ̀ ìpẹja tó wà ní Tema ní Ghana, tí Nàìjíríà, Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, wọ́n ń lo Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lè bá apẹja sọ̀rọ̀ láti Badagry dé Cotonou, kó sì kọ ìwé tí ìgbìmọ̀ yóò kà.

Lílo òfin láti gbèjà òkun ṣeé ṣe ní Áfíríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ ní Gúúsù Áfíríkà dá Shell dúró láti má ṣe fi ìró ńlá wá epo ní etíkun Wild Coast. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n fagi lé àṣẹ tí ìjọba fún un, torí wọn kò bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn ará abúlé etíkun ló gbé ẹjọ́ náà dìde, àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà mẹ̀kúnnù sì dúró tì wọ́n.

Kí ló wá mú kí ọ̀nà ilé ṣòro? Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ sójútáyé. Ẹni tó bá mọ ènìyàn ni í wọlé. Kàlẹ́ńdà wa kò sì dúró sójú kan: ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ọlidé àti àsìkò ẹ̀kọ́ sì dàpọ̀. Ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú máa ń lọ ìsinmi láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, nítorí náà ìwé kíkọ, ìwádìí àti gbígba ẹ̀rí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ṣe jù. Èyí kò burú, torí òun gan-an ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́.

Owó

Gbogbo ohun tí mo ti sọ, owó ni yóò sọ ẹni tí yóò rí i lò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní owó àkànṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣiṣẹ́ fún ará ìlú ní ọlidé, àwọn àjọ ńlá kan sì ń sanwó fúnra wọn. Lọ́dọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wọ ọkọ̀ láti Agége dé Victoria Island lójoojúmọ́, tí yóò ra oúnjẹ ọ̀sán, tí wọn yóò sì fi ìwé ẹ̀rí kan dá a lọ́lá níparí. Ọmọ ẹni tó lówó nìkan ló lè fara da irú rẹ̀. Ọmọ apẹja, tó mọ òkun ju gbogbo wa lọ, yóò lọ kọ́ ọmọdé ní lẹ́sìnnì kó lè rí owó ìwé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Agbẹjọ́rò àgbà ní fáìlì tí kò ráyè kà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò àti ojú tó mú. Owó tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan fi ń ṣe ìnáwó ọdọọdún lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan fún oṣù méjì.

Ìdájọ́

Fún ọmọ wa tó ń kàwé nílé, mo gbà pé kí ó kọ́kọ́ lo ọlidé kan ní etí omi tàbí ní àjọ tó ń gbèjà àyíká, kó lo ìkejì ní ẹ̀ka òfin àjọ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ọkọ̀ ojú omi, kó wá kọ̀wé sí Hamburg nígbà tó bá ti ní ohun tó lè fi hàn. Kíláàsì Rhodes àti The Hague lè dúró dìgbà tó bá gboyè. Fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, Sea Grant ni kó kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà àjọ aládàáni. Fún ẹni tó wà ní London, kó fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún omi wa. Ẹni tó lọ òkè òkun láìtíì fẹsẹ̀ kan etíkun tirẹ̀ yóò padà wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tí yóò gbèjà.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má dúró dìgbà tí ọlidé bá dé. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni o ti gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Kọ ojú ewé mẹ́fà tàbí méje lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, irú bíi ta ni òfin fún láṣẹ láti mú tírọ́là tó wọ máìlì márùn-ún, kí o sì fún olùkọ́ rẹ kó fi pẹ́ẹ̀nì pupa sí i. Ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ fún ọ ju máàkì lọ.

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka òfin ní àwọn yunifásítì wa, ẹ kọ orúkọ àjọ, ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò àti àjọ ìjọba tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sójú pátákó lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè yóò parí. Ẹ̀yin àgbà agbẹjọ́rò, ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sí fáìlì òkun kan, kí ẹ sì fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ti ẹja àti etí omi lòun fẹ́ bá rojọ́, ẹ má ṣe bi í pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ni, òfin rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Àwọn tí yóò lò ó ni kò tíì tó.